Ilé wa ní Houston ń gbóná kọjá ààlà: ṣé kí a fọ́n fóòmù sábẹ́ òrùlé ni, àbí kí a kàn fi kún fáíbà òkè àjà?

Ìyá Ìbejì Alief:
Ẹ káàsán o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó kówó lé kọ́ńtíráátọ̀ lọ́wọ́. Ilé tá a rà ní Alief yìí, 1978 ni wọ́n kọ́ ọ, bíríkì ni wọ́n fi bo ara ògiri níta, yàrá kan wà lókè gáréèjì, ibẹ̀ ni màmá ọkọ mi ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti Òṣogbo. Láti May títí wọ October, tó bá ti di ọwọ́ aago mẹ́ta ọ̀sán, yàrá yẹn ò ṣeé wọ̀, AC á máa ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ kò ní pa, síbẹ̀ abẹ̀bẹ̀ ò ní kúrò lọ́wọ́ màmá. Wọn ò ní sọ nǹkan kan o, ẹ mọ bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe, àmọ́ mo máa ń bá wọn lórí àga pálọ̀ lóru, ọkàn mi ò sì balẹ̀ sí i.

Kọ́ńtíráátọ̀ kan wá wò ó, kò pẹ́ rárá lókè àjà tó fi sọ̀ kalẹ̀, ó ní ká kó gbogbo fáíbà (òwú gíláàsì tó ń dá ooru dúró) tó wà níbẹ̀ dànù kí òun fọ́n fóòmù, èyí olómi tó ń wú tó sì ń le, sábẹ́ òrùlé, kí òun sì tún lu ihò sí gbogbo ògiri kí òun fẹ́ nǹkan sí i. Owó tó pè lé ní dọ́là 12,000. Ọkọ mi fi rúlà wọn fáíbà tó wà níbẹ̀, ó tó ínǹṣì mẹ́rin, ibòmíì ò tó bẹ́ẹ̀, ibòmíì ò tiẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, gáàsì ló ń lò, òkè àjà náà ló wà. Ṣé fóòmù yìí ni àbáyọ lóòótọ́, àbí nǹkan tí owó wa ká wà?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Texas:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe jẹun nílùú yìí, mi ò sì tajà fún yín, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ má tíì fọwọ́ síwèé ẹnikẹ́ni. Kọ́ńtíráátọ̀ tó gòkè àjà tí kò yẹ duct wò (páìpù ńlá tí afẹ́fẹ́ AC ń gbà kiri ilé), tí kò wá ihò, tó wá ń pe fóòmù, ọjà tó fẹ́ tà ló ń wò, kì í ṣe ilé yín.

Lọ́sàn-án August, òkè àjà ní Houston máa ń gbóná dé Fahrenheit 130, ó lè tó 150 nígbà míì, àárín ooru yẹn gan-an ni wọ́n sì gbé duct AC gbà ní ọ̀pọ̀ ilé Texas. Energy Star, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbani nímọ̀ràn kí iná má ṣòfò, sọ pé nínú ilé tó wọ́pọ̀, bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó ń gba inú duct ló ń jò dànù, ìyẹn ni pé òkè àjà lẹ ń sanwó AC fún. Duct ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ tan AC, kí ẹ fọwọ́ tọ gbogbo ibi tí duct ti so pọ̀ mọ́ra, ibi tí afẹ́fẹ́ tútù bá ti kan yín lọ́wọ́, mastic, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí duct, ni kí ẹ fi kùn ún, ẹ má lo téèpù aláṣọ yẹn o, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò lè gba ooru, á ṣí kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ihò àjà. Ẹ gòkè ní kùtùkùtù kí oòrùn tó ràn, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ẹ fi ìbòmú N95 bo imú, orí igi ni kí ẹ máa tẹ̀, torí pátákó àjà ò lè gbé èèyàn. Ẹ máa gbé fáíbà sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá ti dúdú yẹn, kì í ṣe ìdọ̀tí lásán, afẹ́fẹ́ ló ti ń gba ibẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, fáíbà ló ń sẹ́ eruku rẹ̀. Ẹ ó bá ihò wáyà níbẹ̀, ihò páìpù, orí ògiri tí wọn ò dí, àyíká fáànù ilé ìwẹ̀, àti ilẹ̀kùn tí ẹ ń gbà gòkè fúnra rẹ̀. Fóòmù inú agolo ti tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àyíká páìpù èéfín gáàsì nìkan ni kí ẹ má fi fóòmù kàn, páànù pẹlẹbẹ àti gọ́ọ̀mù tí iná kò lè jó ni wọ́n ń lò níbẹ̀, fáíbà ò sì gbọ́dọ̀ fara kàn án. Gílóòbù tí wọ́n rì sínú àjà náà, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ IC sí i lára, ìyẹn ni pé fáíbà lè fara kàn án, tí kò bá sí, ẹ fi ínǹṣì mẹ́ta sílẹ̀ yí i ká tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló tó kan fáíbà. Houston wà ní Zone 2 nínú àwọn agbègbè ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà, Energy Star ní R-49 (R ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dá ooru dúró tó) ni kí ẹni tí òkè àjà rẹ̀ ṣófo lé, R-38 ni ti ẹni tó ti ní ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Cellulose, ìyẹn bébà tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n fi oògùn tí kì í jẹ́ kó tètè gbaná sí, ínǹṣì kan rẹ̀ tó nǹkan bí R-3.5, fáíbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fẹ́ sílẹ̀ tó nǹkan bí R-2.5. Tí ẹ bá fi ẹ̀rọ fẹ́ ínǹṣì mẹ́jọ cellulose lé ínǹṣì mẹ́rin tẹ́ ẹ ní, ẹ ti dé bíi R-38 nìyẹn, kò sì sídìí tí ẹ fi máa kó tàtijọ́ dànù, àfi tó bá ti rin tàbí tí eku ti ba ibẹ̀ jẹ́. Ẹ fi baffle, ìyẹn pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún atẹ́gùn, sí etí òrùlé kí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sílẹ̀ má lọ dí ojú atẹ́gùn. Àwọn ilé ìtajà ńlá tó ń ta àwọn bàágì yẹn máa ń yáni ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ, èèyàn méjì tó bá mọ́ra wọn lè ṣe é.

Tí ẹ bá bá òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi wúrà níbẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Vermiculite nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilé Amẹ́ríkà, Libby ní Montana ló ti wá, asbestos, èròjà tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó níwèé àṣẹ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Àǹtí Sugar Land:
Gbogbo ohun tí bọ̀ọ̀dá sọ, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ti yàrá màmá kún un torí irú yàrá yẹn wà nílé wa. Ògiri kúkúrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá yẹn, tí òkè àjà wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ wò ó láti ẹ̀yìn. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n kàn fi fáíbà há àárín igi ni, ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní gbangba, ooru 130 yẹn ń gba àárín rẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú, òmíì tiẹ̀ ti já bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní láti fi pátákó fóòmù líle bo ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo etí rẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ yàrá náà ńkọ́? Tí àárín igi ilẹ̀ bá ṣí sí òkè àjà, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ màmá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ẹ lè fi fáíbà kún gbogbo ibẹ̀ kó má ṣiṣẹ́ kankan. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé pátákó dí ẹnu rẹ̀ níṣàlẹ̀ ògiri kúkúrú yẹn. Àjà gáréèjì náà gbọ́dọ̀ ní fáíbà tó fara kan ilẹ̀ yàrá.

Ká ní èmi ni, yàrá yẹn ni mo máa kọ́kọ́ ṣe kí n tó kan ibi tó kù, kí màmá lè padà sórí bẹ́ẹ̀dì wọn.

Ẹnjiníà Àkúrẹ́:
Fóòmù kì í ṣe nǹkan burúkú o, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá fọ́n ọn dáadáa sábẹ́ òrùlé, òkè àjà á di ara ilé, duct á bọ́ lọ́wọ́ ooru. Àmọ́ ẹ wo tiyín: wọ́n máa dí gbogbo ojú atẹ́gùn òrùlé, gáàsì tó ń gbé omi gbóná sì nílò afẹ́fẹ́ láti jó, tí kò bá rí i, èéfín olóró lè padà wọlé. Ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀rọ yẹn sí èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ tirẹ̀ láti ìta tàbí tiná. Ṣé kọ́ńtíráátọ̀ yẹn sọ ìyẹn fún yín? Tí kò bá sọ ọ́, owó tó pè yẹn kò tíì pé, ewu sì wà nínú rẹ̀. Òrùlé tó bá ń jò náà, fóòmù lè bò ó mọ́lẹ̀ títí igi á fi jẹrà.

Ti ògiri, ẹ fi ṣe ìkejì tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá. Ilé 1978 sábà máa ń ní fáíbà nínú ògiri. Ẹ pa iná yàrá náà ní breaker, ẹ yọ ìdérí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí òwú fáíbà bá tẹ̀lé e jáde, ẹ dé e padà, ó ti tán. Fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ló yẹ kẹ́ ẹ náwó lé.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín: ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ na ọ̀rá sẹ́yìn drywall, ìyẹn pátákó tí wọ́n fi bo inú ògiri, ẹ má gbà. Ìlú òtútù ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Houston, ìta ni ọ̀rinrin ti ń wọlé, pàápàá tí òjò bá rọ̀ sí bíríkì tí oòrùn sì ràn lé e, tó bá wá pàdé ọ̀rá tí AC ti mú tutù, omi á ṣẹ́ sí i lára bó ṣe ń ṣẹ́ sára ìgò mínírà tútù, ògiri á máa bu láti inú, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ilé á fi máa rùn. Bébà ògiri tó jẹ́ ọ̀rá náà, bákan náà ni.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀yin ará Houston, ẹ ò ronú kan àwa tó wà ní Ìbàdàn. Páànù ló wà lórí tiwa, PVC ló wà lájà, kò sí AC, tó bá di March ilé ò ṣeé sùn. Ṣé fáíbà yìí wúlò fún wa?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Texas:
Ọmọ Mọ́kọ́lá, òkè ni ooru yín ti ń wá jù. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ nílé ni fọ́ìlì tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ páànù, ó sì gbọ́dọ̀ ní àlàfo afẹ́fẹ́ níwájú ojú rẹ̀ tó ń dán, tó bá fara lẹ̀ mọ́ páànù kò ní dá ooru dúró. Kí ojú dídán yẹn kọjú sísàlẹ̀ kí eruku má bò ó. Ìgbà tí wọ́n bá ń kan páànù ló rọrùn jù, àmọ́ wọ́n lè kàn án mọ́ abẹ́ igi òrùlé lẹ́yìn náà. Kí ẹ ṣí ojú atẹ́gùn sí etí òrùlé kí ooru rí ibi jáde, kí páànù sì jẹ́ aláwọ̀ títàn. Tó bá jẹ́ ilé àtijọ́ tó ní àjà asbestos ni, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má lu ihò sí i.

Ìyá Ìbejì Alief:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọkọ mi ti gòkè láàárọ̀ yìí, ó bá ibi dúdú yẹn lóòótọ́, ó pọ̀ ju ohun tá a rò lọ, ògiri kúkúrú ẹ̀gbẹ́ yàrá màmá sì rí bí àǹtí ṣe sọ gẹ́lẹ́. Ìbéèrè méjì ló kù: ó fẹ́ ra fáànù oníná tó ń fa ooru jáde lórí òrùlé, ṣé ó dáa? Páìpù omi wa náà gba òkè àjà, ẹ̀rù òtútù February 2021 tó bẹ́ páìpù omi ní Texas yẹn ṣì ń bà mí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Texas:
Kó má tíì ra fáànù. Tí ihò bá ṣì wà lájà, afẹ́fẹ́ AC inú ilé ló máa fà jáde, ẹ ó tún sanwó iná fáànù lé e. Ti páìpù, ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ cellulose, ẹ má tẹ́ nǹkan kan sí àárín páìpù àti àjà, kí ooru inú ilé máa dé ara rẹ̀ nígbà òtútù. Èyí tó bá ga ju kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ lọ, ẹ fi fóòmù páìpù wé e. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ìjọba àpapọ̀ á dá 30% owó fáíbà padà nínú owó orí, ètò yẹn parí ní December 31, 2025, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kún ìṣirò fún yín. Tí ẹ bá ti dí ihò tán, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ògiri yàrá màmá síbí kí n wò ó kí ẹ tó fẹ́ bàágì kankan.