Ìdáhùn: «Ìdàrúdàpọ̀ àárín-ayé» kò bá a mu rárá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ má bínú pé mo tún gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde. Láti àná tí mo ti ka ohun tí ọ̀kan nínú wa kọ nípa sinimá American Beauty, inú mi ò dùn. Mo yìn ín, torí ènìyàn mélòó ló ń jókòó fi Yorùbá gidi kọ̀wé nípa sinimá òyìnbó? Ṣùgbọ́n "ìdàrúdàpọ̀ àárín-ayé" tó fi túmọ̀ "midlife crisis" òyìnbó, ìyẹn ìdààmú ọkàn tó máa ń bá ènìyàn ní nǹkan bí ogójì ọdún, tó sì pe ohun tó ń ṣe Lester Burnham, ọkùnrin tí sinimá náà dá lé, kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "pọ̀" inú rẹ̀ wò. Ohun tó dàrú tó sì tún dà pọ̀ là ń pè ní ìdàrúdàpọ̀: ọjà tó tú lójijì, ìpàdé tí gbogbo ènìyàn ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ló dà pọ̀ nílé Burnham? Ẹ rántí tábìlì oúnjẹ wọn. Bàbá jókòó sí orí kan, ìyá sí orí kejì, Jane ọmọ wọn wà láàárín. Àbẹ́là ń jó, òdòdó róòsì pupa wà nínú ìkòkò, orin rọra ń dún, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ ọ̀rọ̀ tó dénú. Àìsí ohun tó pa wọ́n pọ̀ mọ́ gan-an ni àrùn ilé yẹn. A wá lọ fi "pọ̀" sọ ọ́ lórúkọ!

Ó ku "àárín". Ẹnìkan á ní àárín òru ńkọ́, àárín ọdún ńkọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oṣù méjìlá ni ọdún, a mọ ibi tó ti pín sí méjì. Ta ló mọ ibi tí ayé tirẹ̀ ti pín? Ọmọ ọdún 42 ni Lester, ohùn rẹ̀ ló sì sọ fún wa níbẹ̀rẹ̀ sinimá pé kò ní í pé ọdún kan tí òun yóò fi kú. Ìparí ni 42 jẹ́ fún un, àárín kọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí ẹ bá ní ọkùnrin kan wà "láàárín ayé", àwọn ọmọ aráyé tó yí i ká ni màmá mi yóò rò. Kò ní í ronú kan ọjọ́ orí láé.

Ọ̀rọ̀ tí mo fara mọ́ ni "ìdààmú ọ̀sán-ayé". Mo ti ń kọ́ ọmọ lédè Yorùbá ju ogún ọdún lọ, mi ò sì rí ohun tí àwọn bàbá wa fi ka ọjọ́ ayé ju òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ lọ. Bàbá bàbá mi, ahunṣọ òfì ni wọ́n n'Íṣẹ́yìn. Tí ẹni ogójì ọdún bá kú ládùúgbò, wọn á gbé ọ̀kọ̀ sílẹ̀, wọn á ní, "Oòrùn rẹ̀ wọ̀ lọ́sàn-án gangan." Ṣé ìtàn Lester kọ́ nìyẹn? Nínú àdúrà pàápàá, "alẹ́ á san wá ju òwúrọ̀ lọ" là ń ṣe, a máa ń fo ọ̀sán kọjá. Níbẹ̀ gan-an ni ìdààmú yìí ti ń ká ènìyàn mọ́. Nígbà tí Elliott Jaques, ọmọ Kánádà onímọ̀ nípa ọkàn, gbé ọ̀rọ̀ òyìnbó tí à ń túmọ̀ yìí jáde lọ́dún 1965, ikú ló fi ṣáájú nínú àkọlé rẹ̀. Oòrùn tó bá ti yẹ àtàrí, alẹ́ ló kọjú sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i o. Ọ̀sán ni mo wí. Kì í ṣe ọsàn tí à ń bó jẹ, kì í ṣe ọsán ara ọrun ọdẹ. Ẹni tó kọ "osan aye" lásán lánàá ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí la ń wá kiri, ṣebí "àgbàyà" wà nílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mi ò sì jiyàn pé àgbàyà ni ọkùnrin tó ń wo ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ bí ẹní wo ìyàwó. Àmọ́ orúkọ ẹni ni àgbàyà, kì í ṣe orúkọ ohun tó ń ṣe é. Carolyn ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ẹ rántí ìgbà tí Lester sún mọ́ ọn lórí àga tìmùtìmù, tí ara obìnrin náà ti ń rọ̀, tí ẹnu fẹ́ kan ẹnu. Ojú rẹ̀ bọ́ sára ìgò bíà tó wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì pariwo pé yóò dà sórí àga. Àga ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là, sílíkì Ítálì! Ìdààmú kan náà ló ń ṣe òun náà. Ṣé àgbàyà la máa pe ìyẹn?

Kékeré kan tún kù: sinimá ni, kì í ṣe fíìmù àgbéléwò. "Ẹwà Amẹ́ríkà" tí wọ́n fi túmọ̀ àkọlé náà kò sì pé, torí orúkọ irú òdòdó róòsì kan ni pẹ̀lú.

Èyí tó dùn mí jù ni "ìgbèríko" tí ẹni tó kọ̀wé náà pe àdúgbò wọn, èyí tí òyìnbó ń pè ní "suburb". Oko jókòó gbọin-gbọin sínú ọ̀rọ̀ yẹn. Oko wo ni Lester ń ro? Ilé ìwé ìròyìn ló ti ń ṣiṣẹ́, koríko iwájú ilé wọn rí bíi kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ̀yìn odi" ni mo kọ́kọ́ rò, àmọ́ tí ọmọ Ìbàdàn bá gbọ́ ọ lónìí, àwọn tó wà nílẹ̀ òkèèrè ló máa rò. "Ẹ̀sítéètì" ni mo ń lò fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, bí àwọn ará Bódìjà ti ń sọ ọ́, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ní òmíràn kó mú un wá, ṣùgbọ́n kó má fi oko sí i.