Ọwọ́ ló ń sinmi, kì í ṣe bàálù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́ni àwọn tó ń to bàálù fúnra wọn béèrè ohun tí a ó máa pe "trim servo", mọ́tò kékeré tó ń yí etí kan lẹ́yìn ìrù bàálù. Ẹnì kan ní "ẹ̀rọ ìgé". Ìyẹn ń rán mi létí onígbàjámọ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ẹlòmíràn ní "amúbàálùdúró". Háà! Bàálù tó bá dúró lójú òfurufú, ṣebí jíjá ló kù?

"Amúdọ́gba" tí ọ̀pọ̀ yín ń gbè lẹ́yìn ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo ń to RV-7, bàálù kékeré ti ilé-iṣẹ́ Van's Aircraft, lọ́wọ́ níbí ní Texas, ìrù rẹ̀ lápá òsì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀rọ yìí sí. Pátákó ìrù tó ń gbé imú bàálù sókè-sódò ní etí kékeré kan lẹ́yìn, bí etí aṣọ. Bí etí yẹn bá rẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ á ti pátákó náà sókè, imú bàálù á gbéra, awakọ̀ ò sì ní máa fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra títí apá á fi máa ro ó. Bàálù lè máa gòkè lọ, ó lè máa sọ̀ kalẹ̀. Kí ló dọ́gba níbẹ̀? Ọwọ́ ló sinmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní "amọ́wọ́sinmi", bí a ṣe ṣẹ̀dá "amúlétutù".

"Servo" ńkọ́? "Ìránṣẹ́" tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹrú ni gbòǹgbò rẹ̀ lédè Látìnì, ṣùgbọ́n ẹ wo wáyà márùn-ún tó jáde lára ti ilé-iṣẹ́ Ray Allen tí mo rà. Funfun méjì ló ń gbé iná lọ fún mọ́tò: wọ́n ń rán an níṣẹ́. Aláwọ̀ ọsàn, búlúù àti aláwọ̀ ewé ló ń sọ ibi tí etí náà dé fún awakọ̀. A rán an, ó sì jíṣẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sára bọ́tìnì tí awakọ̀ fi ń rán mọ́tò náà níṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "etí sókè". Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo tẹ̀ ẹ́ pé kí imú gbéra, etí náà lọ sókè, mo pàtẹ́wọ́ fúnra mi. Aládùúgbò mi tó ti ń wa bàálù tipẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ilẹ̀ ni mo dorí bàálù kọ. Àṣé mo ti gbé wáyà funfun kan sípò èkejì. "Imú sókè, imú sódò" ni kí ẹ kọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó kúrú ju "ìránṣẹ́ amọ́wọ́sinmi" lọ, mo ń gbọ́ o. Bọ́tìnì mi kéré.