Láti òjò dé ọyẹ́: kí la lè máa wò pẹ̀lú àwọn ọmọ láyìíká ilé l'Ábẹ́òkúta?

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì (Ọbáńtokò):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Họlidé ti dé. Ọmọ méjì ló wà nílé, ọ̀kan ọdún mẹ́fà, èkejì ọdún mẹ́wàá. Wọ́n ti gun Olúmọ, ṣùgbọ́n wọn ò mọ orúkọ ẹyẹ tó ń ké lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé náà ò tóbi: ọ̀pẹ kan, máńgòrò kan, àti àpáta pẹrẹsẹ lẹ́yìn ògiri. Kí la lè máa ṣe níbẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi dé, láìwọ ọkọ̀, láìnáwó? Kí ló sì yẹ ká ṣọ́ra fún?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì (Ìbarà):
Ibi tẹ́ ẹ ní yẹn ti tó, màmá. Ẹ mú igun kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀. Ọmọ tó rí ilẹ̀ kan náà lóṣù kẹjọ àti lóṣù kejìlá lójú rẹ̀ máa là sí i.

Ẹ wọn òjò kọ́kọ́. Ẹ wá ike omi tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún, ẹ gé orí rẹ̀ lábẹ́ èjìká, ẹ da orí náà délẹ̀ sínú ìyókù bí àrọ. Ìdí ike kì í tẹ́jú, nítorí náà ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ẹ bomi lé e títí yóò fi bò wọ́n, kẹ́ ẹ fa ìlà síbẹ̀. Òdo nìyẹn. Láti orí ìlà náà lẹ ti máa lẹ rúlà mọ́ ọn.

Ẹ gbé e sí gbangba, kẹ́ ẹ fi búlọ́ọ̀kù há a kí atẹ́gùn má dà á nù. Tó bá wà létí òrùlé, omi òrùlé lẹ̀ ń wọ̀n. Aago méje àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa kà á; tó bá di ọ̀sán, oòrùn ti fà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kà á, ẹ da omi náà padà dé orí òdo. Òjò sábà máa ń dá díẹ̀ lóṣù kẹjọ. Kí wọ́n kọ 0 sílẹ̀, kí wọ́n má fo ọjọ́ kankan.

Àgbẹ̀ Alábàtà:
Tẹ́yẹ yẹn bá yẹ́lò, tí orí rẹ̀ dúdú, ẹ̀gà ni, akọ sì ni. Ẹ jókòó jìnnà díẹ̀, kẹ́ ẹ wo ẹnu rẹ̀: á gé etí imọ̀ ọ̀pẹ jẹ, á wá fò lọ tòun ti ibi tó gé, kó lè ya tínrín, kó gùn. Òun ló ń fi hun ìtẹ́, ẹnu ìtẹ́ á sì dojú kọ ilẹ̀. Abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá wù ú, akọ lè tú u. Ìtẹ́ tó bá já bọ́, tí kò séyin nínú rẹ̀, ni kí àwọn ọmọ tú, kí wọ́n rí bó ṣe ta kókó.

Ìgbín náà ń bẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á fi nǹkan funfun bíi pépà dí ẹnu ìkarawun, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Ẹ má ṣí i. Ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ dúró. Òun fúnra rẹ̀ á jáde. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn náà.

Fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ já ewé àbámọdá, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tútù níbi tó ní òjìji. Etí ewé náà rí bí eyín ayùn. Àárín àwọn eyín yẹn ni ọmọ rẹ̀ ti máa yọ, láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀, á jẹrà.

Nọ́ọ̀sì Aṣẹ́rò:
Lórí ewu: lẹ́yìn òjò, àpáta yẹn á máa yọ̀ gan-an. Kí wọ́n má fọwọ́ mú ọ̀kùn, oje ara rẹ̀ máa ń ta ojú. Wèrèpè ló burú jù: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, irun èso rẹ̀ á máa fẹ́ kiri. Tó bá kan ọmọ, kó má họra rárá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á wọlé sí i. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ irun náà kúrò lára rẹ̀, ẹ wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ pààrọ̀ aṣọ.

Ẹ má sì kó wọn lọ setí Odò Ògùn ní Láfẹ́nwá lóṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní ìsédò Ọ̀yán, odò lè kún láìsí òjò níbí.

Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ fi fasilíìnì tínrín pa àwo funfun méjì. Ẹ gbé ọ̀kan sórí fẹ́ǹsì, èkejì sí pálọ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta. Eruku Sàhárà ni wọ́n máa rí. Tí fasilíìnì bá nípọn, eruku á rì sínú rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì (Ọbáńtokò):
Ẹ ṣeun gan-an ni. Èyí tó jẹ́ ọdún mẹ́fà ò tíì lè ka rúlà o.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì (Ìbarà):
Kó gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga tó omi àárọ̀ yẹn, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ti ọjọ́ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí omi ò bá sí, kó fi àyè ọjọ́ yẹn sílẹ̀ lófìfo.