"Gáàsì ti tán" àbí "gáàsì ti jò"? Orúkọ tó yẹ àwọn ẹ̀yà AC ọkọ̀ asáré àtijọ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àkójọ ọ̀rọ̀ tó wà níwájú wa jẹ́ ti àtúnṣe AC ọkọ̀ asáré àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí R12 ṣì ni gáàsì inú ọkọ̀ káàkiri ayé. Àbá méje ló wà nínú rẹ̀: "amọ́kọ̀tutù" fún AC fúnra rẹ̀, "omi-òtútù" fún gáàsì inú rẹ̀, "adìgáàsì" fún kọ́ńdẹ́ńsà (ibi tí gáàsì ti ń di olómi), "asọdooru" fún ẹfapórétọ̀ (ibi tí olómi náà ti ń padà di gáàsì), "afẹ̀gáàsì" fún fáàfù tó wà láàárín wọn, "òfìfo" fún váákúùmù (fífa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde), àti "ìpààrọ̀ gáàsì" fún yíyí R12 padà sí R134a, gáàsì tó rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá fún nǹkan ni ọwọ́ mẹkáníìkì máa ń tẹ̀ lé, ọ̀pọ̀ nínú méje yìí sì lè ṣi ọwọ́ náà lọ́nà.

Kí n tó kan àkójọ náà, gbólóhùn kan wà lẹ́nu gbogbo wa tó ti ba AC púpọ̀ jẹ́: "gáàsì ti tán." Gáàsì AC kì í tán. Bẹntiróòlù ló ń tán, nítorí ẹ́ńjìnì ń jó o. Kẹrosíìnì ń tán nínú àtùpà. Inú páìpù tí a dí pa ni gáàsì AC ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń yípo, kò sì sí ẹni tó ń jẹ ẹ́. Bó bá dín, ó gba ibì kan jáde. Ẹni tó ní "ó ti tán" yóò ní kí wọ́n bu òmíràn sí i, yóò sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó ní "ó ti jò" yóò béèrè ibi tó gbà jò. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

"Jò" náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, "gaasi n jo", kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ó ń jò ni tàbí ó ń jó. Nínú ìwé àtúnṣe, ìyàtọ̀ yìí tóbi. Ẹ jẹ́ kí á fi àmì sí i nígbà gbogbo, tàbí kí á kọ "ó ń yọ́ jáde" níbi tí àmì kò bá ti ṣeé fi sí.

Ibi tó sì ń gbà jò nínú ọkọ̀ àtijọ́ kò ju mélòó kan lọ. Rọ́bà ìdínà tó yí ọ̀pá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀) ká ni kí á kọ́kọ́ fura sí, pàápàá bí ọkọ̀ bá ti wà ní ìdúró fún oṣù púpọ̀: ọ́ìlì tó ń rin ín ti sàn kúrò, rọ́bà ti gbẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òrùka rọ́bà tó wà ní ojú ìsopọ̀ páìpù, fáàfù kékeré inú ẹnu ìgbagáàsì, àti ibi tí wọ́n ti fi irin fún họ́ọ̀sì mọ́ páìpù. Porsche 911 ti àwọn ọdún 1970 àti 1980 le jù ní ti èyí: ẹ́ńjìnì àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wà lẹ́yìn, ẹfapórétọ̀ wà níwájú, họ́ọ̀sì sì na láti ìdí ọkọ̀ dé imú rẹ̀. Rọ́bà họ́ọ̀sì ìgbà náà kò ní awọ ìdènà nínú. R134a ń gba ara rẹ̀ yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ kódà nígbà tí kò sí ihò kankan. Àbàwọ́n ọ́ìlì tí eruku lẹ̀ mọ́ ni àmì àkọ́kọ́. Náítrójìn gbígbẹ ni kí á fi dán an wò, kí ó gba rẹ́gúlétọ̀ wọlé títí dé nǹkan bíi 150 psi (òṣùwọ̀n ìfúnpá), kí á wá fi omi ọṣẹ pa ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ́síjìn kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá: bí ó bá pàdé ọ́ìlì lábẹ́ ìfúnpá, ó lè bú gbàmù.

Ó wá kan "omi-òtútù". Òun ni mo kọ̀ jù. Omi ni ọ̀tá AC. Bí ọ̀rinrin bá wọ inú rẹ̀, á bá gáàsì àti ọ́ìlì ṣe ásíìdì tí yóò máa jẹ irin inú lọ, èyí tó kù nínú rẹ̀ á sì dì ní ẹnu fáàfù. AC á tutù fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀, á dákẹ́, bí a bá sì pa á tí ó sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wo bí yóò ti rí bí ìwé bá kọ́kọ́ kọ́ ènìyàn pé omi ló yẹ kó wà níbẹ̀, kó tó wá kìlọ̀ fún un nípa omi.

Èkejì, kò sí òtútù tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Ooru ló ń kó kúrò. Alárù ni gáàsì náà: inú ọkọ̀ ló ti ń gbé ẹrù ooru, ìta ló ń sọ̀ ọ́ sí, tí ó sì tún ń padà wá gbé òmíràn. Ẹnì kan ti dá "agbóoru" lábàá nítorí èyí. Mo fẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n etí lè gbọ́ ọ bíi "gbóòórùn", àwọn tó ń fi imú wá ibi tí gáàsì ń jò sì wà lóòótọ́. "Akóoru" ni mo fi rọ́pò rẹ̀: kedere ni lẹ́nu, kò sì jọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀rọ̀ pẹ̀sẹ̀ ni tó bá di ti ẹ̀yà méjì yòókù. Ẹfapórétọ̀, tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, á di "ìkóoru". Kọ́ńdẹ́ńsà, tó wà níbi tí afẹ́fẹ́ ìta ń fẹ́ sí, á di "ìsọ̀ooru". Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ bí AC ṣe ń ṣiṣẹ́ kí a tó ya àwòrán kankan.

Ó tún ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti mọ àrùn. Bí ìsọ̀ooru bá dọ̀tí, tàbí tí fáànù iwájú rẹ̀ kò yí, alárù kò rí ibi sọ ẹrù. Yóò padà wọlé pẹ̀lú ooru tó gbé jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré ṣe ń ṣe nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: imú wọn kéré, afẹ́fẹ́ kò wọlé tó, géèjì pupa, ti ìhà gbígbóná, gòkè ré kọjá 300 psi, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ sì di lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, ó tún tutù.

"Adìgáàsì" kò lè dúró. Omi ń dì, ọ̀rá ń dì, ẹ̀jẹ̀ ń dì. Gáàsì inú kọ́ńdẹ́ńsà ń di olómi ni, kò dì. Ẹ jẹ́ kí á tọ́jú "dì" fún àléébù méjì péré: yìnyín tó dì ní ẹnu fáàfù, àti yìnyín tó bo ìkóoru nígbà tí tẹmositáàtì bá kọ̀ láti pa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, tẹmositáàtì yìí ní páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ki bọ àárín abẹ́ irin ìkóoru. Bó bá yọ, kò mọ ìgbà tí ìkóoru ti tutù jù.

Ní ti "asọdooru", ìṣòro rẹ̀ ni pé "ooru" ní ìtumọ̀ méjì nínú èdè wa: èyí tí ara ń mọ̀, àti èyí tó ń yọ lójú omi gbígbóná. A kò lè lo méjèèjì nínú ìwé kan náà. Mo dábàá pé kí "ooru" jẹ́ ti àkọ́kọ́ nìkan, kí á máa pe akóoru tí kò sí ní olómi ní gáàsì. Omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ńkọ́? A ní orúkọ rẹ̀ tipẹ́: ìrì ni. Inú afẹ́fẹ́ ló ti wá, ara ìkóoru ló sẹ̀ sí, kì í ṣe gáàsì tó jò.

Fún kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, kò sí ẹni tó dábàá ohunkóhun, kí á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì iwájú rẹ̀ ni kí á pè ní "kílọ́ọ̀ṣì òòfà", nítorí òòfà ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀.

"Òfìfo" dùn létí, àmọ́ àgbá òfìfo tí òwe ń sọ kún fún afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ pọ́ńpù yìí ni láti fa afẹ́fẹ́ náà jáde, kí ó sì mú ọ̀rinrin gbẹ. Ní 25°C, omi á hó bí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 3.2 kPa, ìyẹn nígbà tí géèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 29 inHg lábẹ́ òdo. Nítorí náà "ìfagbẹ" ni mo pè é. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ló kéré jù. Lẹ́yìn náà, kí á ti géèjì pa, kí á dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí abẹ́rẹ́ bá gòkè díẹ̀ tó sì dúró, ọ̀rinrin ló kù. Kí á fà á sí i. Bí ó bá ń gòkè láìdúró, ihò wà.

"Ìpààrọ̀ gáàsì" ló léwu jù lẹ́yìn "omi-òtútù". Àdéhùn Montreal ti 1987 ló fi òpin sí R12 nítorí pé ó ń ba ozone jẹ́, ìbòrí òkè òfuurufú tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn, àwọn ọkọ̀ tuntun sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá sí R134a tán nígbà tó fi di 1995. Ẹni tó bá rò pé gáàsì nìkan ni wọ́n pààrọ̀ yóò ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́. Ọ́ìlì míńírà tó ń bá R12 rìn kì í pò mọ́ R134a. Á jókòó sínú ìkóoru, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á sì máa gbẹ. Kí á da ọ́ìlì náà nù, kí á fọ páìpù, kí á fi PAG tàbí ester, ọ́ìlì tó ń bá R134a rìn, sí i. Ester ló ń gba ìyókù ọ́ìlì míńírà mọ́ra jù. Òrùka rọ́bà gbogbo á di HNBR, irú rọ́bà kan, èyí tó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé, kí á sì fi ọ́ìlì míńírà díẹ̀ pa á kí á tó dè é, nítorí PAG ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ẹnu ìgbagáàsì á yí padà: 13 mm fún ìhà tútù, 16 mm fún ìhà gbígbóná. Dráyà náà, ìkòkò tó ń mu ọ̀rinrin, gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Àbá mi ni "ìsọdi-134a", kí ó hàn pé gbogbo ẹ̀rọ ló yí.

Níbi yìí ni "rọ" àti "wọ̀n" ti yapa. A ń sọ pé "rọ gáàsì sí i", bí ẹni ń wo géèjì títí yóò fi kún. Géèjì kò lè sọ iye. Bí ọkọ̀ bá ti dúró pẹ́ ní 30°C, R134a á fi nǹkan bíi 97 psi hàn, ì báà jẹ́ 300 g ló wà nínú rẹ̀ tàbí 700 g, bí olómi díẹ̀ bá ṣá ti wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n ni kí á lò. Bí àwo àkọsílẹ̀ inú ọkọ̀ bá sọ 900 g R12, kí á wọn 720 g R134a sí i, ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kí á wá máa fi 30 g kún un, kí ó má kọjá 810 g. Àgọ́ọ̀lù á wà ní òòró, kí gáàsì nìkan gba ìhà tútù wọlé. Olómi kò ṣeé fún pọ̀, á ṣẹ́ fáàfù inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Nítorí náà, "wọn akóoru sí i".

"Amọ́kọ̀tutù" kò pọn dandan. Àwọn kan ní "amúlétutù" jẹ́ ti ilé nìkan, ṣùgbọ́n ojú omi ni "ọkọ̀" ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé orí títì àti òfuurufú. Bẹ́ẹ̀ náà ni amúlétutù ilé ṣe lè di ti ọkọ̀. "Afẹ̀gáàsì" náà, mo fẹ́ kó di "ẹnutóóró", nítorí olómi ló ń wọ ibẹ̀, ibi tóóró tó gbà kọjá ló sì jẹ́ kó tutù lójijì.

Dráyà ló kù. Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó ń mu ọ̀rinrin ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń tọ́jú akóoru olómi tí ẹnutóóró kò tíì bèèrè. "Amọ̀rinrin" kò sọ iṣẹ́ kejì, ó sì lè dún bí amọ̀. Títí a ó fi rí èyí tó kó iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, kí á máa pè é ní dráyà, kí á sì kọ ọ́ sí ìwé pé òun ni kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ kẹ́yìn, nígbà tí pọ́ńpù ìfagbẹ bá ti wà ní sẹpẹ́.