Áàpù mi ń bọ́ sábẹ́ Other nínú mẹ́nù Linux, kí ni kí n ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, mo kọ fáìlì .desktop (fáìlì kékeré tó ń sọ fún mẹ́nù nípa áàpù) fún áàpù kan, mo gbé e sínú fódà tèmi, ~/.local/share/applications, ó yọ nínú mẹ́nù lóòótọ́ àmọ́ abẹ́ Other ló lọ jókòó sí, bẹ́ẹ̀ abẹ́ Graphics ni mo fẹ́ kó wà. "Photo;" ni mo kọ sí ìlà Categories (ìlà tó ń sọ ìsọ̀rí tí áàpù wà) nínú fáìlì náà, ṣé torí pé mẹ́nù ò mọ orúkọ yẹn ni?

Áàpù míì tún wà tí mi ò fẹ́ máa rí, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ kan fáìlì .desktop ẹ̀ tó wà ní /usr/share/applications (fódà ti gbogbo ẹ̀rọ) torí ọ̀pdéètì lè dá a padà. Ṣé kí n kọ̀pì ẹ̀ sí fódà tèmi, kí n má yí orúkọ fáìlì náà padà, kí n wá fi NoDisplay=true (ìlà tó ń fi áàpù pamọ́ kúrò nínú mẹ́nù) sí i, àbí /etc/xdg/menus (ibi tí ètò mẹ́nù fúnra ẹ̀ wà) ni kí n lọ tún ṣe?