Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé dandan ni àwo lábẹ́ táńkì omi gbígbóná?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Táńkì omi gbígbóná wa ti ń jò, a fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Amẹ́ríkà la wà. Ti gáàsì ni, òkè àjà ló wà, yàrá àwọn ọmọ ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Plọ́ńbà kan ní kò nílò drain pan, ìyẹn àwo tí wọ́n ń gbé táńkì lé, nítorí pé ti tẹ́lẹ̀ kò ní. Èkejì ní láìsí i, ẹni tó ń wá yẹ iṣẹ́ wò kò ní fọwọ́ sí i. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Irú èwo ni kí n rà?

Bàbá Páìpù: Èkejì ni kẹ́ ẹ gbọ́, ìyá wa. IRC, ìyẹn ìwé òfin ilé kíkọ́, ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò fún ilé gbígbé. Ó ní ibikíbi tí omi táńkì bá lè jò tí yóò sì ba nǹkan jẹ́, àwo gbọ́dọ̀ wà. Òkè àjà kò ní àríyànjiyàn nínú. Ohun tí plọ́ńbà àkọ́kọ́ gbọ́, ààbọ̀ ló gbọ́: bí kò bá sí páìpù tó ń fa omi kúrò nínú àwo tẹ́lẹ̀, àwọn ẹ̀dà òfin náà tó dé láìpẹ́ kò ní kẹ́ ẹ fa tuntun nígbà ìpààrọ̀. Páìpù ni wọ́n ní kì í ṣe dandan, kì í ṣe àwo.

Ọ̀gá Ṣeun-un-re: Ẹ fa páìpù ọ̀hún, bí kò tiẹ̀ ṣe dandan! Àwo tó fẹ̀ ní íǹṣì 24, tó jìn ní íǹṣì 2½, kò lè gba tó gálọ́ọ̀nù 5. Bí ìdí táńkì gálọ́ọ̀nù 50 bá là, tí omi tútù sì ń wọlé lọ, ìṣẹ́jú mélòó ni àwo yẹn fẹ́ fi dúró? Ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní íǹṣì 1½, páìpù náà kò gbọdọ̀ kéré sí íǹṣì ¾. Bó bá jáde síta, kí ẹnu rẹ̀ ga sí ilẹ̀ ní íǹṣì 6 ó kéré tán, kó má sì ju 24 lọ. Ibi tójú yín á ti máa rí i ni kẹ́ ẹ yọ ọ́ sí.

Abẹ́rẹ́: Torí pé ti gáàsì ni, ẹ má ra oníke. Òfin àtijọ́ kò gbà á lábẹ́ gáàsì rárá. Ti ìsinsìnyí gba irú tí iná kì í tètè ràn, ṣùgbọ́n ta ló ráyè máa yẹ àmì abẹ́ àwo wò? Ẹ ra alumíníọ̀mù tàbí irin tí wọ́n bò kó má dípẹtà, tí nínípọn rẹ̀ kò dín ní íǹṣì 0.0236. Àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí etí wọn máa ń ká tí wọ́n bá ti táńkì wọ inú wọn. Ẹ̀gbẹ́ ihò páìpù ni wọ́n ti ń ya.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Páìpù fáàfù ààbò ńkọ́? Ṣé kó tú sínú àwo náà?

Bàbá Páìpù: IRC gbà á, ṣùgbọ́n lókè àjà, èmi ò ní ṣe é. Fáàfù yẹn máa ń ṣí tí ooru bá dé 210°F tàbí tí agbára omi bá dé 150 psi, omi gbígbóná tó máa tú jáde kì í ṣe kékeré. Ẹ fún un ní páìpù tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí táàpù lára rẹ̀, ẹ má sì fi ìdérí dí ẹnu rẹ̀.

Ọmọ Gáréèjì: Ẹ̀gbọ́n, tèmi wà ní gáréèjì lórí kọnkéré, ilẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ṣé mo nílò rẹ̀?

Bàbá Páìpù: Àbúrò, bí omi bá lè ṣàn jáde láì ba nǹkan jẹ́, ó ṣeé ṣe kó má kàn ẹ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní àfikún tirẹ̀, torí náà béèrè ní ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ kó o tó sanwó plọ́ńbà.