Àbọ̀ ọ̀rọ̀ eagle mi: ẹjọ́ ti parí o

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá sí i. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: mo bèèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá eagle tí mo gbá nínú gọ́ọ̀fù ní ihò páà 5 (ihò tó yẹ kéèyàn fi ìgbá márùn-ún parí, mẹ́ta péré ni mo fi parí rẹ̀) ṣì jẹ́ tèmi, torí bọ́ọ̀lù náà kọ́kọ́ gbá ọ̀pá àsíá kó tó já sínú ihò. Orí gíríìnì (koríko kúkúrú tó yí ihò ká) ni mo ti gbá a, a ò sì yọ ọ̀pá. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbá a ní kí n fi méjì kún mẹ́ta mi, pé páà lásán ni.

Ẹni tó ń bójú tó òfin ní kílọ́ọ̀bù wa ti dá sí i. Ẹ̀gbọ́n ò purọ́, òfin wọn ló ti gbó. Tẹ́lẹ̀, ìjìyà méjì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti oṣù Kìíní ọdún 2019, kò sí ìjìyà kankan fún un mọ́. Mẹ́ta ni mo kọ, mẹ́ta ló dúró.

Kí n má parọ́, bọ́ọ̀lù yẹn ń sáré ju! Bí kì í bá ṣe ọ̀pá, ì bá kọjá ihò lọ bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Kádì mi (ẹni tó ń bá mi gbé àpò) ti ń mi orí kó tó dún “kọ́ń!” Ló bá ju àpò sílẹ̀, ó ń jó. Ọdún kọkànlá mi nídìí gọ́ọ̀fù rèé, eagle àkọ́kọ́ mi sì nìyẹn (ẹ̀yin tí ẹ ní mẹ́wàá, ẹ rọra).

Ẹ̀gbọ́n ti ra àsun fún wa. Mo ti gbà á, mo ti jẹ ẹ́. Ó parí.